Kí ló dé tí odò kékeré ń wọlé onílé? Àlàyé lórí àkùrọ̀ àti omíyalé ní Ìjẹ̀bú òun Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí omi bá ti wọlé, pàápàá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá: odò yẹn mà kéré gan-an, ọmọdé ń fò ó kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, báwo ló ṣe wá di èyí tó gbé fíríìjì? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un kì í tó. Ẹnì kan á ní ìdọ̀tí ni, ẹnì kan á ní ìjọba ò kó gọ́tà, ẹlòmíì á ní wọ́n ti ṣí omi dáàmù lé wa lórí. Òótọ́ wà nínú àwọn kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an làwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ síta, torí owó ti wọ̀ ọ́, òun náà ni pé ibi tí wọ́n kọ́ ilé yẹn sí, inú odò ni.

Mo mọ̀ pé ó le lẹ́tí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀.

Kínní tóóró tá à ń rí tó ń ṣàn lọ láàárín koríko ní oṣù kìíní, ibi tí odò ń gbà nígbà tí omi ò sí nìyẹn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí àwọn ìyá wa ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tá à ń pè ní àkùrọ̀, ara odò lòun náà. Kí ló mú ilẹ̀ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀? Omi ni. Gbogbo ìgbà tí odò bá kún bo etí ẹ̀, á tàn ká, eré ẹ̀ á sì dínkù, ẹrẹ̀ àti yanrìn tó gbé bọ̀ látòkè á wá jókòó síbẹ̀. Ọdún kan kọ́, ọdún mẹ́wàá kọ́, ọjọ́ ti pẹ́ gan-an tó ti ń ṣe é. Ẹ dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ kànga létí odò lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń kó sókè: ilẹ̀ dúdú ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn ìyẹn yanrìn funfun, lẹ́yìn ìyẹn amọ̀ aláwọ̀ eérú tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, nígbà míì ewé tó ti jẹrà tó ń rùn, lẹ́yìn náà yanrìn tún dé. Ìpele yanrìn kọ̀ọ̀kan yẹn, ìgbà kan tí omi wá ló fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i ò ní sọ mọ́ pé odò yà kúrò lọ́nà ẹ̀ wá bá òun, àfi kó sọ pé òun lòun wá bá a.

Báwo wá ni omi tó kún un ṣe ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, kò le. Tí wọ́n bá ní òjò rọ̀ ní mìlímítà kan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé lítà omi kan bọ́ sórí gbogbo ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Pulọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tí ẹ bá pín in sí mítà kan mítà kan báyẹn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 670. Òjò ńlá kan tó rọ̀ ní 50 mìlímítà, tí kì í ṣe nǹkan ìyanu lọ́dọ̀ wa nínú oṣù kẹfà, omi tó lé ní 33,000 lítà ló dà sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yẹn. Táńkì dúdú onílítà 1,000 mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn o, láti orí pulọ́ọ̀tì kan. Kẹ́ ẹ wá wo gbogbo ilé, ọjà, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé epo, tó wà lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ̀ sọ́nà odò yẹn, kẹ́ ẹ sì rántí pé odò kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí òkè yẹn ṣì jẹ́ igbó àti oko kòkó, oko obì, ewé ló máa kọ́kọ́ gba òjò, ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀ á gbà nínú ẹ̀, gbòǹgbò á ti la ihò sílẹ̀ tí omi ń gbà wọlẹ̀, èyí tó kù á rọra rìn dé odò, nígbà míì lọ́jọ́ kejì. Ní báyìí páánù ló gba òjò, ó ti orí páánù bọ́ sórí kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì, ó bọ́ sí gọ́tà, gọ́tà gbé e dé odò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yàtọ̀ sí pé omi ti pọ̀ sí i, gbogbo ẹ̀ tún ń dé pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí gan-an ló ń pani. Omi tó yẹ kó fi ọjọ́ kan àtààbọ̀ kọjá fẹ́ kọjá ní wákàtí méjì. Ẹ bá mi fi kún un pé afẹ́fẹ́ tó bá gbóná sí i ní digíríì kan lè gbé omi tó tó ìdá 7 nínú 100 sí i, ìdí nìyẹn táwọn òjò kan ṣe ń dà wìì báyìí bíi pé ẹnì kan ló ń tú u.

Ilẹ̀ tiwa náà ò rí bákan náà. Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ago-Ìwòyè, àpáta ò jìn sókè ilẹ̀, omi kì í rí ibi wọ̀ lọ títí, ó máa ń yára sáré lọ sódò. Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́nà Ẹ̀pẹ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside létí ọ̀sà, yanrìn ló pọ̀ nílẹ̀, yanrìn sì máa ń mumi dáadáa, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè níbẹ̀, tó bá ti kún kò ní rí ibi gba òmíì sí. Torí náà ohun táwọn èèyàn ń pè ní omíyalé, oríṣiríṣi ni, ìdàrúdàpọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí sì ti ibẹ̀ ti wá.

Èyí tó ń ti orí títì dà wọ ilé yín, tó pupa, tó ń bọ̀ látòkè nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, àgbàrá nìyẹn, ọ̀rọ̀ gọ́tà ni, ẹni tí ilé ẹ̀ jìnnà sódò náà lè rí i. Èyí tó jẹ́ pé òjò ti dá lọ́dọ̀ yín, oòrùn tiẹ̀ ti yọ, kí omi tó wá máa gun òkè bọ̀ látọ̀dọ̀ odò, odò ló kún bo etí ẹ̀ nìyẹn, òjò tó rọ̀ lókè odò ló gbé e wá, ó sì lè jẹ́ pé ìkán òjò kan ò bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín rárá. Èyí tó ń sun látinú ilẹ̀, tí ẹ jí láàárọ̀ tí ẹ bá omi mímọ́ lórí táìlì láìsí pé ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ga sókè, kò sí gọ́tà tó lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Ìkẹrin ni tàwọn ará Ìwópin, Makun-Omi, Òde-Omi àti gbogbo ìhà Waterside: ọ̀sà ló kún tí omi odò ò fi rí ibi dà sí, ó wá ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ rántí pé odò Ọ̀ṣun tó ń dà sínú ọ̀sà Lẹ́kí, láti òkè Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó gba Òṣogbo, ó gba Aṣéjírẹ́, kó tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá lè jẹ́ omi ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti dáàmù yẹn, torí ó ń sú mi. Lọ́dọọdún, tí omi bá ti kún níbikíbi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n á ní dáàmù Ọ̀yán ni. Inú odò Ògùn ni Ọ̀yán ń da omi sí, odò Ògùn gba Abẹ́òkúta, ó lọ sọ́nà Ìṣẹrì àti Kárà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí omi níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ yẹn ló kàn. Kò sí bó ṣe máa dé odò Yemọji ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí àwọn odò kéékèèké tó wà ní Rẹ́mọ. Ẹni tí omi wọlé ẹ̀ ní Ṣàgámù tó ń bú dáàmù, kò ní wo kọ́fátì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ẹ̀, kọ́fátì yẹn ló sì yẹ kó wò.

Ọ̀rọ̀ kọ́fátì. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Tí àwọn àdúgbò bá dáwó láti ṣe ọ̀nà, wọ́n sábà máa ń ra ríìngì, kọnkéré roboto tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, tó mọ níba owó ọwọ́ wọn, wọ́n á ní dípò ríìngì ńlá kan ẹ jẹ́ ká fi kékeré méjì sí i, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ríìngì tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà gba omi ju méjì tí ẹnu wọn jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìṣirò ni, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹnu kékeré tún máa ń tètè dí. Ẹ lọ wo ẹnu kọ́fátì lẹ́yìn òjò ńlá: ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló máa kọ́kọ́ há síbẹ̀ ní ìbú, pákó kan á wá fara tì í, náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà á lẹ̀ mọ́ pákó, fóòmù àtijọ́ kan á wá jókòó lórí gbogbo ẹ̀, láàárín wákàtí kan ọ̀nà yẹn ti di dáàmù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ilẹ̀ pupa gbé ga kọjá àárín àkùrọ̀ ti jẹ́ odi tẹ́lẹ̀, ẹnu kọ́fátì nìkan ni géètì tó ní.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Nígbà tí omi bá kún, tẹ́ ẹ bá wà níbi tí kò léwu, ẹ wo omi apá òkè kọ́fátì àti apá ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí ti apá òkè bá ga gan-an ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kọ́fátì yẹn ni wàhálà, ó kéré tàbí ó ti dí. Tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ má wulẹ̀ fọ́ kọ́fátì yẹn, nǹkan kan níwájú ló ń dá omi dúró, bóyá ilé kan, bóyá afárá míì, bóyá odò tó tóbi jù ú lọ tó ti kún. Owó tí àdúgbò kan ná sórí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ló ń ṣòfò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Yanrìn náà ńkọ́? Ọ̀nà wa tí kò ní ọ̀dà, òjò ń gbẹ́ ẹ, ẹ ti rí kòtò àárín títì tó jìn tó orúnkún, yanrìn ibẹ̀ ò lọ sọ́run o, inú odò ló lọ. Odò tó jìn tẹ́lẹ̀ ti wá di pẹrẹsẹ. Wọ́n á wá ní kí ìjọba wá gbẹ́ odò, ó dáa, ó máa ń ràn wá lọ́wọ́ fún ọdún kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ò bá ní ọ̀dà àti gọ́tà, yanrìn á tún padà wá, tí wọ́n bá sì gbẹ́ apá òkè nìkan, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n sáré gbé omi lọ bá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fílín. Ẹnì kan ra ilẹ̀ lákùrọ̀, ó gbé típà ogún wá, ó da ilẹ̀ pupa sí i títí ó fi ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó mọ fẹ́ǹsì yí i ká, ó ní òun ti bọ́. Àyè tí omi ń dúró sí ló gbà yẹn, omi ò sì kéré sí i, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un, àmọ́ onílé tó ń kọ̀ fún àgbàrá báyìí, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ẹ̀ ló ń darí ẹ̀ sí, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa yin ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù ni gbólóhùn yìí: "Ogójì ọdún la ti wà níbí, omi ò wá rí." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Àwọn onímọ̀ omi máa ń sọ̀rọ̀ omi ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn èèyàn wá rò pé ó ní láti pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó padà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ni omi tí ìṣeéṣe pé ó máa wá lọ́dún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú 100, lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, bó tiẹ̀ wá lánàá. Ilé tí ẹnì kan bá gbé fún 30 ọdún, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pé á rí i. Ẹni tó sì gbé ibẹ̀ fún 40 ọdún, ìṣeéṣe pé kò ní rí i rárá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nítorí náà pé bàbá ò rí i rí ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín, pàápàá nígbà tí òkè tí bàbá mọ̀ sí igbó ti di ẹsíteètì.

Ewu ẹ̀ ńkọ́? Omi tó ń ṣàn tí kò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí kò dé àárín ojúgun, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ ò bá ti rí ojú títì lábẹ́ omi, pàápàá lálẹ́, ẹ dúró, torí omi lè ti hú ẹ̀gbẹ́ kọ́fátì lọ tí òkè omi ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí omi bá fi ìlọ́po méjì sáré sí i, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Fẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀, èyí táwọn èèyàn kì í rò sí: fẹ́ǹsì tí omi tó jìn ní mítà kan bá fara tì lápá kan, gbogbo mítà kan ní gígùn ẹ̀ ń gba ìwọ̀n tó tó 500 kílò, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́fà tí kò ní píllà gidi ò lè dúró dè é, ó máa wó lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi tó ti kó jọ á sì dà lu ẹni tó wà lódì kejì. Ẹ dá ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ fẹ́ǹsì, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí i torí olè, irin ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Sọ́kẹ̀wéè tó kún á da ohun inú ẹ̀ sínú kànga, ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń wá, nítorí náà omi kànga tí omíyalé bá ti bò, ẹ má mu ún láìsè, ẹ má fi fọ ẹ̀fọ́, títí wọ́n á fi fà á gbẹ tí wọ́n á sì fi kòlóríìnì sí i. Iná mànàmáná, ẹ pa á látòkè kí omi tó dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, oṣù kejìlá ni wọ́n ń wálé, oṣù kejìlá ni ajẹ́ǹtì ń mú wọn lọ wo ilẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, ó á mọ́ lójú. Ojúde Ọba ti bọ́ sínú oṣù kẹfà láti 2023 títí dé 2025, ẹni tó bá wálé wá jó nírú àsìkò òjò bẹ́ẹ̀, kó bọ́ agbádá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì kó wọ bàtà òjò lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n ń polówó fún un. Ẹ wo igi ògùrọ̀, ọparun, kókò tó hù fúnra ẹ̀, ihò akàn, omi ló fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ wo ara ilé tó wà nítòsí bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri ní ìwọ̀n kan náà látilé délé. Ẹ wo bóyá wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù kékeré sẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹni tí omi ò wọlé ẹ̀ rí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kànga tí kò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó kan omi, ẹ ṣọ́ra. Ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi, ẹ kí i dáadáa, kò rí kọbọ̀ lórí títà ilẹ̀ náà, ó mọ ibi tí omi ń dé. Ẹ má fọkàn tán gíga tí fóònù ń sọ, ó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, mítà kan ṣoṣo sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé gbígbẹ àti ilé tó kún fún omi.

Fún ẹni tó ti kọ́lé síbẹ̀, tí kò sí bó ṣe lè kó kúrò, àsìkò ló ṣe pàtàkì. Gbogbo èèyàn ń kó gọ́tà ní oṣù kẹrin, wọ́n á gbàgbé ẹ̀. Ìgbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ló yẹ kẹ́ ẹ tún lọ kó ẹnu kọ́fátì, torí pé òjò oṣù kẹsàn-án máa bá ilẹ̀ tó ti rin gbingbin bíi fóòmù tí wọ́n rẹ sómi, kò ní gba nǹkan kan mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó di ìparí oṣù kẹjọ náà: odò Ògùnpa tó ya bo Ìbàdàn, 31 August 1980 ni. Èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2011, 26 August ni. Ògùnpa ò sì tóbi ju àwọn odò tá à ń fò kọjá lọ́dọ̀ wa.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, NIHSA, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, wọ́n á dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó léwu. Ẹ máa kà á, ṣùgbọ́n kò lè sọ wákàtí. Àwọn tó lè sọ wákàtí fún yín ni àwọn tó ń gbé lókè odò yín. Ẹ wá wọn rí, ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì mẹ́ta, ẹ fi wọ́n sínú WhatsApp àdúgbò, kẹ́ ẹ sì jọ fi àmì kan sára òpó afárá tó wà lọ́dọ̀ wọn: tí omi bá ti kan àmì yẹn, bó jẹ́ òru, kí wọ́n pè yín. Ẹ̀yin náà á wá máa pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ yín.